Kombi àtijọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí ẹ ṣe lè mú un láàbò láìná owó rẹpẹtẹ

Kombi tí à ń sọ níbí ni Volkswagen T2 tí Jámánì ṣe láti 1967 títí di 1979, àti èyí tí Bùràsíìlì ń ṣe nìṣó lẹ́yìn náà. Òun àti àbúrò rẹ̀, T3, ni Èkó sọ di dánfó. Bí tiyín bá jẹ́ T1 (èyí tó ṣáájú T2) tàbí T3, ìlànà kan náà ni, àmọ́ ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín kí ẹ tó ra ohunkóhun, nítorí ìwọ̀n àwọn nǹkan yàtọ̀.

Ewu wo ló wà nínú Kombi tí kò sí nínú bọ́ọ̀sì ìsinsìnyí?

Orí táyà iwájú gan-an ni awakọ̀ jókòó sí. Kò sí bónẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì tí yóò gba ìkọlù dípò rẹ̀. Orúnkún awakọ̀ àti ti ẹni tó jókòó tì í ni nǹkan kọ́kọ́ máa ń bá bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Jámánì fi irin tó lè gba ìkọlù kún iwájú T2 láti ọkọ̀ ọdún 1973, ó sì ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò ní in. Ní Bùràsíìlì, oṣù Kejìlá 2013 ni wọ́n dá ṣíṣe Kombi dúró, nítorí òfin ibẹ̀ ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba ènìyàn nígbà ìkọlù) àti ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí bíréèkì di táyà pa) láti 2014, wọn kò sì lè fi wọ́n sínú rẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àpò yín ni pé kò sí iye owó tí ẹ lè ná tí iwájú Kombi yóò fi dà bí ti ọkọ̀ òde òní. Kí ìkọlù má wáyé rárá ni kí ẹ ná owó lé lórí: kí ọkọ̀ dúró nígbà tí ẹ bá ní kó dúró, kó lọ síbi tí ẹ bá darí rẹ̀ sí, kó má sì gbaná.

Owó ọwọ́ mi kò tó nǹkan. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Họ́ọ̀sì epo bẹntiróòlù ni kí ẹ pààrọ̀ lónìí, torí owó rẹ̀ kéré, ewu rẹ̀ sì pọ̀ jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bíréèkì, lẹ́yìn bíréèkì ni táyà, kí ẹ tó wá kan sítíárìn, iná, bẹ́líìtì àti ìjókòó. Ọ̀dà ni ó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó ń kun ọ̀dà, tí owó á sì tán kí wọ́n tó dé orí bíréèkì. A rọ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa pààrọ̀ họ́ọ̀sì epo, kí sì nìdí tí ẹ fi ń pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Tánkì epo Kombi wà lẹ́yìn, ògiri páànù kan péré ló là á kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Họ́ọ̀sì ń gba inú ògiri yẹn kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, ó sì gun kábúrétọ̀. Bí epo bá kán níbẹ̀, orí dísíríbútọ̀ àti jẹnẹrétọ̀, níbi tí iná ti ń ṣẹ́, ló máa bọ́ sí. Bí Kombi púpọ̀ ṣe ń jóná nìyẹn.

Ẹ di họ́ọ̀sì náà mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ lára rọ́bà, ó ti parí. Èyí tí wọ́n fi aṣọ híhun bò lára kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ìlà yẹn, nítorí náà bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i, ẹ yọ ọ́. Fún ẹ́ńjìnnì 1600 oní-kábúrétọ̀, ihò inú họ́ọ̀sì máa ń jẹ́ 5 sí 5.5 mm. Ẹ gé díẹ̀ lára ti àtijọ́ lọ sọ́jà láti fi wọ̀n ọ́n. Mítà méjì sábà máa ń tó. Ẹ wá èyí tí wọ́n tẹ SAE J30 R9, àmì họ́ọ̀sì epo, sí lára. Họ́ọ̀sì omi àti họ́ọ̀sì aláwọ̀ gíláàsì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà kì í ṣe ti epo: ooru ẹ́ńjìnnì máa ń sọ wọ́n di gbígbẹ, wọ́n á sì fọ́.

Ibi mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Àkọ́kọ́ ni họ́ọ̀sì kúkúrú tó wà nídìí tánkì gan-an, lẹ́yìn ògiri. Ọwọ́ kì í fẹ́ débẹ̀, nígbà mìíràn àfi kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, nítorí náà mẹkáníìkì á pààrọ̀ ti iwájú, á sì fi tẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ ní pàtó. Èkejì ni ọ̀pá irin kékeré tó wọ ara kábúrétọ̀, tí họ́ọ̀sì ń wọ̀ mọ́. Wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ wọlé ni, kò ní tíréèdì (ìlà róbótó bíi ti bọ́ọ̀tù) kankan, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì sì lè tú u. Ẹ fi ìka méjì dì í mú, ẹ yí i. Bí ó bá yí, kí ẹ má tíì lọ sójú títì: ẹ yọ ọ́, ẹ fi fáìlì ha ìdí rẹ̀ kó lè di ara mú, ẹ fi òòlù kékeré tẹ̀ ẹ́ padà, kí ẹ sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dì í mọ́ ara kábúrétọ̀. Ẹ̀kẹta ni asẹ́ epo. Kí ó má ṣe fi dirodiro lókè ẹ́ńjìnnì, kódà bí ibẹ̀ bá rọrùn láti dé. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níwájú ẹ́ńjìnnì, ni àyè rẹ̀.

Tánkì mi ń jò. Mẹkáníìkì ní kí n fi kẹ́ẹ̀gì gbé epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi ná.

Rárá. Kò sí "ná" nínú rẹ̀. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ń yọ afẹ́fẹ́ tó ń gbaná, inú ọkọ̀ sì ni ẹ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ títí wọn yóò fi tún tánkì ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà fọwọ́ kan tánkì tí wọn kò tíì fọ̀ kí wọ́n sì da omi kún, torí òfìfo tánkì ló ń bú gbàmù ju èyí tó kún lọ.

Mo tẹ bíréèkì, ó wọlẹ̀ jìnnà kó tó mú. Ṣé máàsítà (pọ́ǹpù bíréèkì) ló ti bàjẹ́ ni?

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Nínú Kombi, ṣúù inú dírọ́ọ̀mù kì í dá tún ara rẹ̀ ṣe bó bá ń jẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Ẹ ṣe é báyìí:

Ẹ dí táyà tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú òkúta ńlá tàbí igi, ẹ tú hánbíréèkì, ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan (ibi tí táyà kan wà), kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lé orí ẹsẹ̀ irin tó dúró dáadáa. Jáàkì nìkan kò tó. Lára dírọ́ọ̀mù tàbí páànù ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí ihò kan. Ẹ yí táyà títí ẹ ó fi rí kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín nínú ihò náà. Méjì ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdojúkọ ara wọn ni wọ́n sì ń yí: bí ọ̀kan bá ń fún nígbà tí ẹ bá ti sìkúrúdíráfà sókè, èkejì á fún nígbà tí ẹ bá tì í sísàlẹ̀. Ẹ fún ọ̀kan títí táyà kò fi ní lè yí mọ́, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan dáadáa kí ṣúù lè jókòó, kí ẹ wá tú u padà ní eyín méjì tàbí mẹ́ta títí táyà yóò fi yí pẹ̀lú ìró ha-ha díẹ̀. Ẹ ṣe èkejì bákan náà. Lẹ́yìn tí gbogbo ẹsẹ̀ bá parí ni ẹ ó tó fún okùn hánbíréèkì.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ wá tẹ bíréèkì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí kò sì sí ibi tó ń jò síta, rọ́bà inú máàsítà ti jẹ. Bó bá rọ̀ bíi kànrìnkàn, tó ń ga sókè nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fa afẹ́fẹ́ náà jáde, ọ́ìlì wo ni kí n lò?

Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n kọ DOT 4 sí ni kí ẹ lò. Lítà kan tó láti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́ kó sì ṣẹ́kù. Ẹsẹ̀ tó jìnnà sí máàsítà jù ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀: nínú ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lósì, ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Ẹ máa wo ìkòkò ọ́ìlì nígbà gbogbo. Bó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan péré, afẹ́fẹ́ á tún wọlé, iṣẹ́ á sì di àtúnṣe. Ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà, torí ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Omi yẹn ni yóò hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, bí àpẹẹrẹ níbi òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹsẹ̀ yín á sì wọlẹ̀ pátápátá láìsí ohun tó mú.

Ẹ má ṣe da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí omi ọṣẹ sí i, ì báà jẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń mú rọ́bà wú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dà á sí i rí, gbogbo rọ́bà inú máàsítà, ti sílíńdà ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àwọn họ́ọ̀sì ni ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Fífọ̀ kò lè tún un ṣe.

Ọkọ̀ ń fà sápá kan bí mo bá tẹ bíréèkì.

Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ọ́ìlì ti kán sára ṣúù ẹsẹ̀ kan, yálà láti sílíńdà tàbí láti síìlì ẹ̀yìn. Ṣúù tó ti mu ọ́ìlì, kí ẹ jù ú nù, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní méjì-méjì, òsì pẹ̀lú ọ̀tún. Fífi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ kò wúlò, yóò tún yọ padà nígbà tó bá gbóná.

Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, họ́ọ̀sì bíréèkì ni kí ẹ fura sí. Tó bá gbó, inú rẹ̀ máa ń wú títí ihò rẹ̀ á fi dí: ẹsẹ̀ yín lágbára láti ti ọ́ìlì kọjá, àmọ́ ọ́ìlì kì í lè padà dáadáa, ẹsẹ̀ yẹn á wá máa gbóná lọ́tọ̀. Mẹ́rin ló wà lára T2. Ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀, tuntun ni kó jẹ́, kì í ṣe tòkunbọ̀. Ohun mìíràn ni a lè ra tòkunbọ̀ rẹ̀ ní ọjà Ladipo ní Èkó tàbí ní Àràrọ̀mí ní Ìbàdàn, àmọ́ rọ́bà bíréèkì kọ́.

Mẹkáníìkì tó bá ní òun á dí ọ̀pá bíréèkì ẹsẹ̀ kan pa kí ẹ lè máa lọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Ṣé kí n fi dísíìkì rọ́pò dírọ́ọ̀mù iwájú?

Láti oṣù Kẹjọ 1970 ni T2 ti ní dísíìkì níwájú. Bí tiyín bá ṣáájú rẹ̀, owó ńlá ni ìyípadà náà, ó sì kan máàsítà pẹ̀lú. Dírọ́ọ̀mù tí wọ́n tún ṣe dáadáa tó fún ọkọ̀ tí kò sáré. Ẹ fi owó yẹn ra táyà.

Táyà wo?

185 R14C, èyí tó jẹ́ 8PR (àmì bí ara táyà ṣe lágbára tó). C yẹn ṣe pàtàkì: táyà ọkọ̀ ẹrù ni. Táyà ọkọ̀ kékeré lè wọ rímù náà dáadáa, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò lágbára láti gbé Kombi tó kún, ara rẹ̀ á máa gbóná títí yóò fi bẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tó ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ má rà á, bó ti wù kí eyín rẹ̀ jìn tó, torí rọ́bà ń gbó níbi tí wọ́n gbé e pamọ́ sí.

Ẹ̀yìn ni ìwúwo wà, nítorí náà afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ju ti iwájú lọ. Nǹkan bí 30 psi níwájú àti 40 lẹ́yìn ni ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Àwọn fọkanáísà púpọ̀ máa ń fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iye kan náà, ọkọ̀ á sì máa fì lẹ́yìn. Nínú T2, 130 Nm ni wọ́n fi ń fún bọ́ọ̀tù táyà, kí ẹ sì tún un fún lẹ́yìn 100 kìlómítà. Nọ́ọ̀tù ńlá tó di dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn mú yàtọ̀ sí ìyẹn: ó fẹ́ nǹkan bí 300 Nm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú píìnì rẹ̀. Bí kò bá fún tó, eyín inú dírọ́ọ̀mù á jẹ tán, ẹsẹ̀ yẹn kò ní ní agbára mọ́, hánbíréèkì rẹ̀ á sì lọ pẹ̀lú.

Sítíárìn mi ní àyè púpọ̀ kó tó mú ẹsẹ̀.

Bí ó bá ju ìbú ìka méjì lọ létí sítíárìn, ẹ wá ibi tó ti ń wá. Kí ẹnì kan máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀, kí ẹlòmíràn dùbúlẹ̀ máa wo oríkèé kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹsẹ̀. Oríkèé tí apá kan rẹ̀ ń rìn tí èkejì dúró ni ó ti jẹ. Táì-rọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni ó máa ń jẹ́ jù. Àpótí sítíárìn ni ẹ ó fura sí kẹ́yìn. Ìdè kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń fún, àmọ́ bí wọ́n bá fún un jù, sítíárìn kò ní padà sáàárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, ìyẹn sì burú ju àyè tí ẹ ń sá fún lọ.

Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè kí ẹ tó fi gírísì sí ẹsẹ̀ iwájú, kí ó lè dé gbogbo ibi.

Iná iwájú mi pọ́n bí àtùpà.

Gílóòbù kọ́ ló sábà máa ń fà á. Gbogbo agbára iná ń gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti súwíìṣì àtijọ́ kọjá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí rewáyà fi rílè (súwíìṣì kékeré tí iná ń tẹ̀) méjì sí i, ọ̀kan fún iná kúkúrú, ọ̀kan fún iná gígùn. Wáyà iná àtijọ́, èyí tó ti súwíìṣì wá, lọ sí ẹsẹ̀ rílè tí wọ́n kọ 86 sí. 85 lọ sí ara irin ọkọ̀. 30 gba agbára tààrà láti bátìrì. 87 lọ sí gílóòbù. Nínú wáyà ilé iṣẹ́, ìyeyè ni iná kúkúrú, funfun ni iná gígùn. Bátìrì T2 wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà sì jìn, nítorí náà wáyà 4 mm² ni kí ẹ fà wá síwájú. Fúùsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá bátìrì, kì í ṣe níwájú: wáyà tí kò ní fúùsì tó bá ha ara páànù lójú ọ̀nà yóò dáná ni. Gílóòbù H4 60/55 W méjì àti fúùsì 15 A fún rílè kọ̀ọ̀kan ti tó.

Ẹ yọ fúùsì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sáńpépà ha ẹnu ibi tó jókòó sí. Fúùsì tí wọ́n fi bébà sìgá wé, ẹ jù ú nù lónìí. Ẹ tún wo bóyá bátìrì ní ìdè tó dì í mọ́lẹ̀.

Bẹ́líìtì ìjókòó ńkọ́?

Nínú ọ̀pọ̀ T2, ihò tí wọ́n ti gbẹ́ tíréèdì sí wà lára òpó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn iwájú àti nílẹ̀, lábẹ́ rọ́bà kékeré. Bọ́ọ̀tù 7/16 UNF ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ ra bẹ́líìtì tó gba èjìká kọjá, kì í ṣe ti ìbàdí nìkan. Bí kò bá sí ihò, ẹ má ṣe kan luhò sí páànù kí ẹ fi wáṣà dì í, torí páànù á ya bíi bébà. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó 3 mm, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 60 × 70 mm, ni wẹ́dà yóò jó mọ́ ẹ̀yìn páànù náà, lórí irin tó ṣì yè. Bí ibẹ̀ bá ti dípẹtà, ẹ tún irin ibẹ̀ ṣe kí ẹ tó so bẹ́líìtì mọ́ ọn.

Ìjókòó ẹ̀yìn tí wọ́n jó fúnra wọn nínú ọkọ̀ èrò tún burú jù. Bí ìkọlù bá dé, ìjókòó tí kò dì mọ́lẹ̀ yóò gbé gbogbo èrò orí rẹ̀ lọ lu ẹ̀yìn awakọ̀. Kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀tù tó la ilẹ̀ ọkọ̀ já, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ lábẹ́.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi máa ń já bọ́.

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ti jẹ. Kẹ̀kẹ́ àti titiipa ni kí ẹ rà. Okùn kì í ṣe titiipa, kọ́ńdọ́kítọ̀ tó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ kì í ṣe titiipa. Ẹni tó bá fẹ́ ra Kombi tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá, ẹ kíyè sí i pé òsì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí. Láti 1972 tí a ti ń gba ọ̀tún, àárín títì ni èrò yóò máa bọ́ sí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìpẹtà ti dé ibi tó léwu?

Ẹ fi ìdí sìkúrúdíráfà gbá abẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí wọ́n ń ti jáàkì sí, ibi tí irin ẹsẹ̀ iwájú ti so mọ́ ara ọkọ̀, àti àyíká ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Irin tó yè á dún gan-an. Èyí tó bá dún bọ̀ọ̀, tàbí tí ẹnu sìkúrúdíráfà wọlé sí, ẹ gé e kúrò. Fífi fáíbà àti ọ̀dà bò ó ń tan ẹni tó ń rà á jẹ, ó sì ń pa ẹni tó ń wà á.

Irú ẹ̀rọ ìpaná wo ni kí n rà?

Oníyẹ̀fun, kìlógíráàmù 2, kó wà nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn níbi tí iná ti ń jó. Ẹ máa yí i lórí kodò lóṣooṣù kí yẹ̀fun má bàa dì. Bí èéfín bá ń jáde lẹ́yìn: ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ péré, kí ẹ fọ́n ọn gba ibẹ̀, torí ṣíṣí i gbayawu ń fún iná ní afẹ́fẹ́. Ara ẹ́ńjìnnì yìí ní màgínísíọ̀mù nínú. Bí iná bá ti ń tàn funfun tó ń dun ojú, ó ti dé ara màgínísíọ̀mù nìyẹn, omi yóò sì mú kó le sí i. Ẹ sá kúrò níbẹ̀.

Mo fẹ́ jó irin ńlá sí iwájú kó lè dáàbò bò mí.

Ẹ má ṣe é. Irin tí kì í tẹ̀ máa ń gbé gbogbo agbára ìkọlù wọnú ọkọ̀ wá, ó sì ń ba ìwọ̀nba ohun tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ẹ bá sì gbá pẹ̀lú rẹ̀ kò ní ìrètí.

Tí mo bá ti ṣe gbogbo èyí, báwo ni kí n ṣe máa wà á?

80 kìlómítà ní wákàtí ni kí ẹ mọ jù lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ní eré yẹn, mítà 22 ni ọkọ̀ ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹsẹ̀ yín tó dé orí bíréèkì rárá. Ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin sáàárín yín àti ọkọ̀ iwájú, kí ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà bí òjò bá ń rọ̀. Ẹ má ṣe di ẹrù wíwúwo sórí òrùlé. Bí tírélà bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú: afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tì yín, lẹ́yìn náà yóò fà yín, kíákíá ni méjèèjì sì máa ń tẹ̀ léra.